Yanrìn Tuntun Nínú Àpótí Ẹja tó ti Pẹ́

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí àwọn àgbà ti di olùṣọ́ ẹrù ọmọ. Ọmọ á lọ wá iṣẹ́ sí òkè-òkun, á fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí bàbá máa ṣáná sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí bátìrì má baà kú, á fi ajá sílẹ̀, á fi òdòdó inú ìkòkò sílẹ̀ fún ìyá. Ní ilé olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta, àpótí ẹja ni ọmọ fi sílẹ̀. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é. Ó gùn ní 90 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 45. Orí tábìlì onírin ló wà nínú pálọ̀, níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà tẹ́lẹ̀ rí.

Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá yìí. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Tíṣà lọ. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí ọmọ náà ń lọ sí Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ìlànà ìtọ́jú àwọn ẹja sínú ìwé pélébé kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kò sì gbọdọ̀ ju èyí tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì lọ; kí wọ́n máa fa ìdámẹ́rin omi dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fi omi kànga tó ti sùn mọ́jú rọ́pò rẹ̀; bí iná bá lọ, kí wọ́n tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì. Ìwé náà kò sọ ohunkóhun nípa yanrìn.

Ẹja mẹ́fà ló wà nínú àpótí náà. Krib ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Pelvicachromis pulcher ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. George Albert Boulenger, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1901. Ẹja kékeré ni, akọ rẹ̀ kì í sábà ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ. Abo kéré sí i, ṣùgbọ́n abo ló lẹ́wà jù: bí àkókò ìyé rẹ̀ bá ti tó, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún, òun gan-an ni yóò sì máa gbọn ara níwájú akọ, tí yóò máa pè é. Inú àwọn odò gúúsù Nàìjíríà ni ẹja yìí ti ṣẹ̀ wá, àmọ́ wọ́n ti ń sìn ín ní oko ẹja ní Éṣíà àti ní Yúróòpù fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó ta àwọn mẹ́fà yìí ní Èkó sọ fún ọmọ náà pé ọkọ̀ òfuurufú ló gbé wọn wọ̀lú. Ọmọ odò wa, tó gba pápákọ̀ òfuurufú wọlé! Àwọn tó bá wá kí Bàbá Tíṣà a máa béèrè bóyá ẹja òyìnbó ni.

Iṣẹ́ ẹja yìí ni yanrìn gbígbẹ́. Ẹnu ló fi ń bù ú, á gbé e lọ sí apá ibòmíràn, á tu ú síbẹ̀, á tún padà wá bu òmíràn. Abo á wá ihò lábẹ́ òkúta tàbí lábẹ́ igbá àgbọn, á máa gbẹ́ yanrìn ibẹ̀ títí ẹnu ọ̀nà yóò fi rí bó ṣe fẹ́. Lókè àjà ihò náà ni yóò lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Tọkọtaya jọ ń ṣọ́ ọmọ ni, èyí tí kò wọ́pọ̀ láàárín ẹja. Níbi tí kò bá sí yanrìn, ẹja yìí á wà láàyè, á jẹun, àmọ́ bí ayálégbé tí kò lè kan ìṣó mọ́ ògiri ni yóò rí.

Yanrìn àpótí náà sì ti ń dín kù láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fi rọ́bà fa omi, díẹ̀ a bá omi lọ. Nígbà tó yá, ó ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan péré, àwọn ẹja sì ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí igun kan, tí ìsàlẹ̀ gíláàsì fi hàn gbangba bí orí apárí.

Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí fóònù. Bó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, á pe bàbá rẹ̀ lórí WhatsApp, á ní, “Dádì, ẹ bá mi gbé fóònù síwájú wọn.” Bàbá á fi fóònù ti agolo mílíìkì, á kọ ojú rẹ̀ sí gíláàsì, á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ìyá á máa ṣa ẹ̀wà, bàbá á máa ka ìwé ìròyìn, ọmọ á máa wo ẹja láti orí ibùsùn rẹ̀ ní Leeds títí oorun yóò fi gbé e lọ. Owó dátà ń lọ. Kò sẹ́ni tó ráhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ní, “Dádì, yanrìn yẹn mà ti tán o. Àwọn abo ò ríbi gbẹ́ mọ́.” Kò ní kí bàbá ṣe nǹkan kan, ó kàn sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n òbí tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn kì í rí ohun púpọ̀ ṣe fún un mọ́. Èyí tó bá sì rí, kíákíá ni yóò dìde sí i.

Bàbá Tíṣà mú bírò. Ìsàlẹ̀ àpótí jẹ́ 90 lọ́nà 30, ìyẹn 2,700. Láti gbé yanrìn kúrò ní sẹ̀ǹtímítà kan sí mẹ́rin, mẹ́ta ló kù: 8,100, tí í ṣe lítà mẹ́jọ àti díẹ̀. Lítà yanrìn kan wúwo tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀, nítorí náà gbogbo rẹ̀ á tó kílò 12. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà méjì tí kò kún nìyẹn. Ìṣirò náà pé, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ibi tí ìṣirò parí sí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ń kọ́ ilé kan ní òdìkejì títì, típà sì ti da yanrìn odò Ògùn síwájú rẹ̀. Yanrìn odò kò jìnnà sí ará Abẹ́òkúta: àwọn tó ń wà á a máa rì wọ inú omi pẹ̀lú garawa, wọn a máa dà á sínú ọkọ̀ ojú omi, típà a sì máa dúró dè wọ́n létí odò. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní ọdún 2022 pé yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí aráyé ń lò lọ́dọọdún tó 50 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Nínú gbogbo ìyẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni Bàbá Tíṣà tọrọ, àwọn bíríkìlà sì fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò kan tó ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìn ilé. Onítọ̀hún rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ṣebí ẹja ni? Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹ dà á sí i jàre.” Òótọ́ ni ọkùnrin yìí sọ nípa ẹja tirẹ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi lè mí afẹ́fẹ́ òde, ìdí rèé tó fi ń pẹ́ láàyè nínú abọ́ ọlọ́jà tí omi inú rẹ̀ ti dà bí omi ìfọṣọ. Krib kò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú omi nìkan ló ń mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Tíṣà fi omi ṣan yanrìn inú bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Omi náà ṣì pọ́n bíi tíì, àmọ́ ó ní ó tó. Ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, “Tíṣà, ẹ rọra. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o.” Ó dá a lóhùn pé yanrìn lásán ni, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí náà láti òkè. Láàárín ìṣẹ́jú kan, omi ti di ògì. Kò rí ẹja kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó kì bọ inú omi. Ó ronú pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí á dí ẹ̀rọ asẹ́-omi, ni ó bá yọ fóòmù inú rẹ̀. Fóòmù náà dúdú, ó ń yọ̀. Bàbá kò lè gbà pé inú irú ìdọ̀tí yẹn ni omi ọmọ òun ti ń kọjá láti ọjọ́ yìí wá. Ó bu ọṣẹ ìfọṣọ, ó fọ̀ ọ́, ó fún un, ó tún un fọ̀, títí ó fi funfun bí aṣọ ọdún. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, iná lọ. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí méjì, bátìrì kú, òmíràn kò sì sí nílé. Nígbà tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí gíláàsì, ẹnu mẹ́fà ni wọ́n rí lójú omi tí wọ́n ń là, tí wọ́n ń pa dé. Ìyàwó ló kọ́kọ́ mú ife. Ó ń bu omi nínú àpótí, ó ń dà á padà láti òkè, nítorí omi tó bá ń já láti òkè a máa gbé afẹ́fẹ́ wọnú èyí tó wà nísàlẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ọkọ gbà á. Ó rẹ ọkọ, ìyàwó tún gbà á. Àgbà méjì tí ọ̀kan ju 70 ọdún lọ, tí èjìká rẹ̀ sì ti ń dùn ún tipẹ́, ń bu omi sínú omi láti alẹ́ títí ìrun kíkí ti ìdájí fi dún ní mọ́ṣáláṣí. Ní àárọ̀, akọ ńlá ti kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú, méjì mìíràn ti tẹ̀ lé e.

Yanrìn kọ́ ló pa wọ́n, iná nìkan náà sì kọ́. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù a máa tú amóníà sínú omi, amóníà a sì máa jó ibi tí ẹja fi ń mí. Ohun tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lẹ̀ mọ́ ara yanrìn, ara òkúta, ara gíláàsì, pàápàá jù lọ fóòmù inú ẹ̀rọ asẹ́-omi. Apá kan nínú wọn ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Apá kejì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà bí a bá ń pààrọ̀ omi déédéé. Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló tú àṣírí iṣẹ́ wọn ní nǹkan bí ọdún 1890, inú erùpẹ̀ ló sì ti ń wá wọn, kì í ṣe inú omi ẹja. Nínú àpótí tuntun, ó lè gba oṣù kan sí méjì kí wọ́n tó pọ̀ tó láti gbé ẹrù náà. Àwọn náà ń mí. Bí a bá da yanrìn púpọ̀ lé wọn lórí lójijì, afẹ́fẹ́ kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ mọ́. Bí iná bá lọ, tí omi dúró, àwọn tó wà nínú ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ti ọṣẹ ìfọṣọ kò nílò àlàyé. Ohun tí Bàbá Tíṣà rí tó pè ní ìdọ̀tí, ìlú ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọmọ pè, bàbá ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní iná kò sí, fóònù fẹ́ kú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé fóònù síwájú gíláàsì, àmọ́ ó sún un mọ́ igun ibi tí ewé wà, tó fi jẹ́ pé ewé nìkan ni ọmọ ń wò. Ẹni tó fi ọdún 31 na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ ni o. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a wí. Ó kàn gbé ẹ̀wà rẹ̀ lọ ń ṣà ní kíṣìnnì ni.

Ewé náà ló tú u fó. Anubias ni wọ́n ń pè é, létí odò ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà àti ní Kamẹrúùnù ló ti ń hù. Ó ní ìdí tó nípọn bí ata ilẹ̀, ìdí yìí kò sì gbọdọ̀ sí lábẹ́ yanrìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rà. Ọmọ tó ti ń wo ewé yìí lójoojúmọ́ mọ bó ṣe yẹ kó dúró.

“Dádì, ta ló bo ìdí ewé yẹn mọ́lẹ̀?”

Bàbá kò dáhùn.

“Dádì, ẹ ti da yanrìn sí i?”

“Mo ti dà á sí i, ọmọ mi.”

“Akọ ńlá ńkọ́?”

“Ó ti lọ. Àwọn mẹ́ta ló kù.” Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ti ṣẹlẹ̀, ti ọṣẹ, ti iná, ti ife.

Ọmọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó sọ lẹ́yìn náà kò jọ èyí tí bàbá ti ń retí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, “Ẹ̀yin àti Màmá ò sùn mọ́jú? Èjìká yín ńkọ́?” Bàbá ní èjìká òun kò ṣe nǹkan kan. Irọ́ kékeré ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ọmọ jẹ́ kó kọjá. Ìyá ló sọ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ pé ọmọ sunkún fún òun lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, pé kì í sì í ṣe nítorí ẹja nìkan.

Ìlànà tí ọmọ là sílẹ̀ le. Kí wọ́n má fún àwọn ẹja lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ìdámẹ́rin omi lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n má ṣe kó yanrìn jáde mọ́, nítorí àtirú u sókè lẹ́ẹ̀kejì á tún burú ju àkọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n fa ìdí ewé yọ, kí wọ́n fi òwú dì í mọ́ òkúta. Èyí tó ya Bàbá Tíṣà lẹ́nu jù ni pé kí ó lọ wá fóòmù ìdọ̀tí láti inú àpótí ẹja ẹlòmíràn tí ara ẹja rẹ̀ le. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ létí títì ló gé ìlàjì fóòmù tirẹ̀ fún un, ó pọn omi lé e nínú ọ̀rá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó nawọ́ rẹ̀ sí i. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọ eléyìí o.” Bàbá gbé e wálé nínú ọkọ̀ èrò, lórí itan rẹ̀, bí ẹni gbé oògùn.

Ẹja mẹ́ta náà yè, abo méjì àti akọ kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì wà ní ìta, wọ́n fi páànù bò ó, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ ló dárúkọ rẹ̀ níkẹyìn. Ó ní kí àwọn parí iṣẹ́ náà pọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ́kọ́ bu yanrìn gbígbẹ díẹ̀ sínú àwo, wọ́n sì kán fínígà sí i. Bí ó bá hó, èèpo ìgbín omi tàbí ti ìṣáwùrú wà nínú rẹ̀, á sì máa sọ omi di líle díẹ̀díẹ̀. Kò hó. Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìtura lọ fún krib, nítorí bí omi ṣe kan tó nígbà tí àwọn ọmọ ẹja wà ní kékeré wà lára ohun tó ń pinnu iye akọ àti iye abo tí yóò wà láàárín wọn. (Ìyá ní ká ní ènìyàn náà rí bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ìyá ọkọ ì bá ti jẹ́ kí ìyàwó sinmi.) Lẹ́yìn náà ni fífọ̀. Bàbá Tíṣà ń bu yanrìn náà ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀ sínú báàfù, ó ń pọn omi lé e, ó ń fi ọwọ́ rò ó, ó ń yí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dànù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó kà á. Ẹ̀ẹ̀kẹrìnlá ni ó tó pọn omi sí i tó mọ́ gaara, tí ó lè ka nọ́ńbà ìsàlẹ̀ báàfù náà láti òkè.

Ìdámẹ́ta ni wọ́n fi sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní tútù, nítorí yanrìn gbígbẹ a máa gbé afẹ́fẹ́ mì. Wọ́n gé ìdí ìgò oníke, wọ́n fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí yanrìn máa jáde díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Apá òsì nìkan ni wọ́n fi í sí, kí àwọn tó wà nínú yanrìn apá ọ̀tún má baà mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀rọ asẹ́-omi fún ogún ìṣẹ́jú péré. Fóònù wà lórí agolo mílíìkì ní gbogbo àkókò náà, ọmọ sì ń sọ pé, “Ó tó níbẹ̀ yẹn, Dádì. Ẹ sún díẹ̀. Ẹ rọra.” Omi ṣú díẹ̀ bí ojú ọjọ́ ọyẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti mọ́lẹ̀ padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ṣe àárín, ní ọ̀sẹ̀ kẹta apá ọ̀tún. Wọ́n tún sọ ìṣáwùrú mẹ́jọ sínú rẹ̀, irú èyí tó ń wọ inú yanrìn, kí wọ́n máa tú u. Yanrìn tó bá jìn, tí kò sẹ́ni tó ń tú u, a máa rà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń rùn bí ẹyin òbu a sì máa gbára jọ síbẹ̀. Bàbá Tíṣà ti gbọ́ òórùn yẹn ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́, ó rò pé kòtò ẹ̀gbin ni.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìdámẹ́ta ìkẹyìn, òkìtì yanrìn kékeré kan yọ níwájú igbá àgbọn. Ọ̀kan nínú àwọn abo ti wọlé. Akọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń lé abo kejì sẹ́yìn, ó ń lé ìṣáwùrú pàápàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá gbé ẹ̀wà rẹ̀ padà sí pálọ̀. Bàbá gbé fóònù kọ ojú sí igbá àgbọn.

“Ṣé ẹ rò pé ẹyin wà níbẹ̀?” ni ọmọ béèrè.

“N kò mọ̀. N kò fọwọ́ kàn án.”

Wọ́n ń wò ó lọ bẹ́ẹ̀. Lójijì iná lọ, ìmọ́lẹ̀ orí àpótí kú, ojú fóònù sì di dúdú fún ẹni tó wà ní Leeds. Bàbá Tíṣà dìde, ó fọwọ́ wá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì nínú òkùnkùn igun náà, ó tẹ̀ ẹ́. Bátìrì mẹ́rin tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

“Dádì, mi ò rí yín mọ́.”

“Iná ló lọ. Ṣé kí n pa fóònù?”

“Rárá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ.”